Ikùn Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Òkìtìpupa Fi Kọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, tí ẹ ń bi ara yín pé ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ fẹ́ kọ́ ni àbí iṣẹ́ télọ̀, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má wò ó pé irùngbọ̀n mi ò tíì kún. Èmi yìí ti ṣiṣẹ́, mo ti ṣe é tán, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bàbá tó bí yín ṣì ń jí lọ sóko láàárọ̀, èmi ti parí tèmi. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti rìn jìnnà, ìrìn ni.

Iṣẹ́ wo ni mo ṣe? Iṣẹ́ ikùn. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kó rín in tán ká lè máa lọ. Mo máa ń bọ́ ẹ̀wù, mo máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja lórí tébù gíga kan, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn á yí mi ká, wọ́n á máa fi ìka wá ohun tó wà nínú mi láti ìta. Ẹ̀dọ̀ rèé. Ọlọ inú rèé. Àpò ìtọ̀ rèé. Wọn ò la inú mi, wọn ò gún mi lábẹ́rẹ́. Ara ìta ni wọ́n fi ń mọ inú. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tó jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa láyé ìgbà tèmi tí kò mọ ikùn mi ju bó ṣe mọ tìyá ẹ̀ lọ. Máàpù ni wọ́n ń pè mí. Títí di òní, tí mo bá ń kọjá lọ́jà Òkìtìpupa, ẹ ó gbọ́: "Máàpù, báwo nikùn?" Ta ni wọ́n ń kí báyẹn nínú yín?

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta torí pé ọ̀rọ̀ tíṣà ti pọ̀ jù, sùúrù tèmi ò sì tó. Mo wá ń pọnmi fáwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ọjọ́ kan, mo bọ́ ẹ̀wù lábẹ́ òòrùn, Ọ̀gá dúró, ó ń wo ikùn mi bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Ará Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nípa ara èèyàn.

Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?"

"Akin, sà."

"Akin, tí èèyàn bá ń fìka rìn lórí ikùn ẹ, ṣé wàá rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò lè rẹ́rìn-ín láé, sà."

Ó fìka kan ẹ̀gbẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín débi pé garawa omi bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn bíríkìlà náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wá lọ́la. Má jẹun wá." Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó rẹ̀ ń ra bàtà fún mi, ìyẹn tó.

Ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rò pé dídùbúlẹ̀ ò ní ìkọ́ṣẹ́. Ẹ lọ dùbúlẹ̀ nílé yín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ife omi kan lé yín ní ìdodo, kí ẹ máa mí. Ohun tí Ọ̀gá fi kọ́ mi nìyẹn. Ife onírin funfun, omi kún un dé ẹnu. Ó ní kí n máa mí, kí ife máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀kán omi kan má dà. Tó bá dà, màá dìde, màá nu tébù, màá bu omi mìíràn, a tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ò ní pariwo. Ọ̀gá ò pariwo rí láyé rẹ̀. Á kàn jókòó síbẹ̀, á máa wojú mi, ojú yẹn sì wúwo ju igi lọ. Mo ti ṣèlérí fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé lọ́la mi ò ní padà wá. Ọ̀la á dé, màá tún wà lórí tébù.

Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ní: "Pátákó kì í sọ̀rọ̀."

"Ó ń yún mi, sà."

"Pátákó kì í yún."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra ọwọ́ títí á fi gbóná, torí ọwọ́ tútù máa ń jẹ́ kí ikùn le, ikùn tó bá sì le kì í sọ òótọ́. Wọ́n á ní kí n ká eékún mi sókè kí ẹran ikùn lè dẹ̀. Wọ́n á dúró sí apá ọ̀tún mi, gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Ọ̀gá máa ń sọ bí orin ìjọ, tó ti sú mi kí ọdún kìíní tó pé: "Orí egungun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Awọ ń rìn. Ẹran ń rìn. Egungun kì í rìn." Màá ti máa fẹnu bá a sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ife ò dà mọ́, ni mo wá mọ ìdùnnú iṣẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí kò sí níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Òjò ti jò sára àjà òkè tébù náà, ó sì ti fi àbàwọ́n ràbàtà sílẹ̀. Bí mo bá ti wò ó fún ìgbà díẹ̀, ojú mi á wúwo, òjò á máa rọ̀ lórí páànù, ohùn Ọ̀gá á máa lọ bí omi odò, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbóná lára mi. Mi ò sùn, mi ò sì jí. Ikùn mi á wá di ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Etí egungun ìhà mi á di òkè méjì tó fara kọ́ra. Ìdodo mi á di Òkìtìpupa fúnra rẹ̀, àárín ìlú, ibi tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé. Ìlà tó ti àyà bọ̀ wá sí ìdodo á di títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ṣóńṣó egungun ìbàdí ọ̀tún á di Ẹ̀rínjẹ, tòsì á di Ìyànsàn. Nísàlẹ̀ pátá, níbi tí itan ti pàdé ikùn, ilẹ̀ á máa rọ̀, á máa rẹ̀, bí ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ tó ń gbé etí omi, ibi tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ó wọ̀. Ìka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá di àwọn arìnrìnàjò. Màá rí wọn lókè réré, wọ́n ń rin ilẹ̀ mi, wọ́n ń bèèrè ọ̀nà, èmi ọba ilẹ̀ náà sì dùbúlẹ̀ lábẹ́ wọn, mo ń mí. Ẹ dákun, èwo lọ́ba tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ tí inú ẹ̀ ń dùn?

Ohun èlò wa yí padà lójú mi. Èédú ni Ọ̀gá fi ń fa ìlà sí mi lára lákọ̀ọ́kọ́. Ìlà méjì á ti òkè wálẹ̀, méjì á dábùú wọn, ikùn á wá di yàrá mẹ́sàn-án bíi fèrèsé. Tí mo bá làágùn báyìí, ẹ̀dọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ọlọ inú. A bọ́ sí bírò, bírò ń rìn mí lára, ìka ẹsẹ̀ mi á máa jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú oògùn ojú egbò aláwọ̀ àlùkò yẹn dé, èyí tí wọ́n ń fi kun ẹnu ọmọ ọwọ́. Ìyẹn kì í lọ bọ̀rọ̀. Òun ló kó mi sí wàhálà lọ́dọ̀ ìyá mi.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ. Mo ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ló bá gbé àgbàdo kọjá, ló rí ìlà àlùkò méjì níbùú, méjì lóòró, àti àgbélébùú kékeré kan lápá ọ̀tún. Àgbàdo dà sílẹ̀.

"Akin. Ta ló kọ nǹkan sí ọ lára?"

"Ọ̀gá mi ni, ìyá."

"Ọ̀gá wo? Èyí tó ní kí o máa dùbúlẹ̀? Mo mọ̀. Mo ti mọ̀. Àwọn tó ń fi ọmọ èèyàn wá owó nìyẹn."

Kí n tó ṣàlàyé, ó ti fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn lé mi mọ́gi. Ó fọ̀ mí títí ara mi fi ń ta. Ìlà ò lọ. Ó wá fà mí lọ sílé àdúrà bí mo ṣe wà, aṣọ ìnura nídìí. Bàbá Àdúrà ní kí n dùbúlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, àbí? Kí n dùbúlẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìyẹn. Mo dùbúlẹ̀, mo ká eékún sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: yàrá yìí ni ẹ̀dọ̀ wà, yàrá yìí ni àpò oúnjẹ, àgbélébùú yìí ni ìfun kékeré kan bí ìka ọmọdé, àpẹ́ńdísì lorúkọ rẹ̀, tó bá bínú ó lè pa èèyàn. Gbogbo ìjọ sún mọ́ wa. Bàbá Àdúrà ti gbé ọwọ́ sókè láti gbàdúrà, ọwọ́ rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà ara rẹ̀.

Ó ní, "Ibí yìí ńkọ́? Ibi tó máa ń dùn mí tí mo bá jẹ epo?"

Wọn ò gbàdúrà lé mi lórí mọ́. Àwọn ìyá àgbà tò síwájú mi. Ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ òun ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmì dúdú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Ọlọ́run dá àmì dúdú kan sí mi lápá ọ̀tún ikùn, ó rí róbótó bí ẹnu bírò. Nígbà tí mo débẹ̀, tí mo tẹ́ẹ́rẹ́, àmì yẹn bọ́ sórí ibi tí àpẹ́ńdísì wà gẹ́ẹ́. Bí Ọ̀gá ṣe ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n wá ṣóńṣó egungun ìbàdí, kí wọ́n ti ibẹ̀ fa ọ̀nà lọ sí ìdodo, kí wọ́n pín ọ̀nà náà sí mẹ́ta, kí wọ́n dúró níbi tí ìdá kìíní láti ọ̀dọ̀ egungun bá parí sí. Iṣẹ́ ńlá. Ta ló fẹ́ pín ikùn sí mẹ́ta nígbà tí Ọlọ́run ti fi tàdáwà sàmì sí i? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, èmi náà rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìka lé àmì dúdú tààrà. Èmi náà, mo máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́: tí ìka bá ti bọ́ sórí àmì, màá fún ikùn mi díẹ̀, kó ta pọ́ún. Wọ́n á mọ̀ pé wọ́n ti débẹ̀. Àwọn tó jáde kọ́ àwọn tó wọlé. Ọ̀gá ń yìn wọ́n, ó rò pé ẹ̀kọ́ òun ló yé wọn. Ó yé wọn lóòótọ́, lọ́dọ̀ mi.

Ẹnì kan péré ni kì í bá wa ṣe é. Fúnmi, ọmọ Òṣooro. Ọmọbìnrin tó lọ́ra, Ọlọ́run ló rí i. Tó bá kan Fúnmi, gbogbo kíláàsì á mí kanlẹ̀. Á fi àtàǹpàkò wá egungun ìbàdí mi, á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀, á tẹ́ ìka lọ sí ìdodo, á máa kà lẹ́nu. Màá ta ikùn sí i, kò ní dáhùn. Ó ti ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó kùnà, àkókò ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Màmá rẹ̀ ń ta gàrí kó lè tún un ṣe. Mo sọ fún un lójoojúmọ́.

"Fúnmi, àmì náà rèé. Kí lo tún ń wá lórí egungun?"

"Ọ̀gá ní ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀."

"Ṣé Ọ̀gá ló ni ikùn ni àbí èmi?"

"Ìwọ lo ni ín," ló máa ń wí. Á tún bẹ̀rẹ̀ lórí egungun.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá lókìkí kì í febi sùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé oúnjẹ fún mi. Pupuru gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja tútù, mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ́ lálẹ́, mo wá ń lọ dùbúlẹ̀ lójú ọ̀sán. Ara mi ń dán. Ọ̀gá ń wò mí. Ó ní, "Akin, pátákó ń wú." Mo ní, "Àlàáfíà ni, sà. Ẹni tó bá sanra lójú ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ ló níyì." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ọdún tó gbẹ̀yìn yẹn, wọ́n ti kìlọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà: tí ọ̀pọ̀ bá tún kùnà, wọ́n á tì í. Tí wọ́n bá tì í, Ọ̀gá á padà sí Ìjẹ̀bú, tébù mi á di igi lásán, èmi náà á padà síbi garawa omi. Mo mọ ìyẹn. Mo sì sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má mikàn: Máàpù wà ńbẹ̀.

Ẹni tó wá ṣe ìdánwò fún wọn ti Àkúrẹ́ wá, ìyá kan tó wọ gíláàsì, tí bàtà rẹ̀ kì í dún. Mo dùbúlẹ̀. Kò sí ìlà lára mi lọ́jọ́ náà, ara mi funfun bí ìwé tí wọn ò tíì kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní wọlé. "Fi ibi tí àpẹ́ńdísì wà hàn mí." Ìka bọ́ sórí àmì dúdú. Mo ta ikùn pọ́ún. Ìkejì wọlé, àmì dúdú, pọ́ún. Ìkẹta. Ìkẹrin. Ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ egungun. Inú mi ń dùn, ojú mi ti ń wúwo, mo ti ń wo àbàwọ́n àjà, àwọn arìnrìnàjò mi ń dé Ẹ̀rínjẹ láìṣìnà. Mo gbọ́ tí ìyá yẹn ń kọ nǹkan.

Fúnmi ló wọlé gbẹ̀yìn. Ó ra ọwọ́. Ó wá egungun. Mo mọ̀ pé á tún pẹ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ gbéra lórí egungun, ó ń bọ̀, ó sì fẹ́ kọjá lókè àmì, ó ń lọ sókè, sí apá ìdodo. Mo ta ikùn. Kò dúró. Mo tún ta á, ikùn mi fò bí ẹja inú àwọ̀n.

Fúnmi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

Ó fi ìka sọlẹ̀ lókè àmì, ibi tó jìnnà sí i tó ìbú ìka méjì, níbi tí kò sí nǹkankan. Ó ní, "Ibí ni, mà."

Ìyá yẹn gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó bi í: "Kí ló dé tí o ò fi sórí àmì dúdú bíi tàwọn yòókù?"

Fúnmi wo ilẹ̀. "Àmì ò sí nínú ẹ̀kọ́, mà. Egungun la kọ́."

Ìyá yẹn pe Ọ̀gá wọlé. Ó ní kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò wá egungun mi, ó fa ọ̀nà, ó pín in, ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí Fúnmi fi ìka sí. Ó wo àmì dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú mi. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Pátákó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dìde jókòó, mo ní, "Ẹ ṣì í wọ̀n ni, sà. Láti ọjọ́ yìí wá, orí àmì ló wà. Èmi ni mo ni ikùn."

Ọ̀gá ní, "Akin, ikùn ẹ ti sanra. Awọ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbé àmì lọ."

"Àmì mi kì í rìn."

"Wọ ẹ̀wù ẹ," ló wí, jẹ́jẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó kọ́lé tí ilé náà ti yẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn tó kùnà ní oṣù díẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Fúnmi nìkan ló yege. Ọ̀gá sì ní kí n lọ sinmi ná.

Èmi, sinmi? Mo bínú lọ sí Ẹ̀rínjẹ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Mo ń gbé ìdì ẹyìn méjì pọ̀ kí wọ́n lè rí mi. Ẹni tó bá gbọ́ mi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ló máa gbọ́: Fúnmi ṣìnà, ìyá Àkúrẹ́ ṣìnà, Ọ̀gá ti darúgbó, àmì mi ló tọ̀nà.

Ọjọ́ kan, bí mo ṣe jí, inú ń run mí yíká ìdodo. Kò le. Mo ní pupuru àná ni. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ìrora náà ṣí kúrò ní ìdodo, ó ń lọ sápá ọ̀tún, bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Mi ò lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ara mi gbóná, mo ń bì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ìgò àgbo dé. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, ọkọ mi. Mu eléyìí, á fọ inú ẹ nù kó tó dalẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún epo ní, "Ẹ jẹ́ kó mu ìgò mẹ́ta. Ikùn yẹn tóbi."

Mo ti gbé ìgò dé ẹnu kí ẹnì kan tó lọ pe nọ́ọ̀sì tuntun ilé ìtọ́jú kékeré ibẹ̀. Ẹ ti mọ ẹni tó wọlé. Aṣọ funfun, Fúnmi.

Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí fèrèsé. "Má mu nǹkankan. Ibo ló ń dùn ọ́?"

Mo ní, "Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Àpẹ́ńdísì ni. Orí àmì ló wà. Wo àmì."

"Dákẹ́, Máàpù."

Ó fọwọ́ ra ọwọ́ títí ó fi gbóná. Ó ká eékún mi sókè. Àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sórí egungun ìbàdí mi, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kò kánjú, bí ẹni pé gbogbo ọjọ́ ló ní. Mo fẹ́ pariwo pé kó yára. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ kan àmì dúdú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí díẹ̀. Ó gbéra níbẹ̀, ó gòkè ìbú ìka méjì, síbi tí kò sí nǹkankan, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì yọ ọwọ́ lójijì.

Èmi tí kò jẹ́ kí ife dà, èmi tí kì í mira, mo fò kúrò lórí ẹní.

Fúnmi ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. "Ìyá, ẹ bá mi wá ọ̀kadà kan. Òkìtìpupa la ń lọ báyìí. Tó bá mu àgbo yẹn, inú ẹ̀ lè bẹ́." Òun ló jókòó sẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà, ó gbá mi mú, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń wọ inú mi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí dókítà fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, mo tún wà lórí tébù gíga, mo ń wo àjà. Ilẹ̀ mi yọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Mo ń wá ilé dúdú kan tí mo mọ̀ sẹ́bàá títì Ẹ̀rínjẹ. Mo débẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo. Mo wò réré, mo rí ilé náà nísàlẹ̀, nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ti fà lọ pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ tó gbé e dúró, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹun, wọn ò mọ̀ pé ilé ti kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Mo gbójú sókè. Òkè Ẹ̀rínjẹ dúró síbi tó wà látọjọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí dókítà ti là mí, ẹ ò ní bi mí. Ọ̀gá wá wò mí nílé ìwòsàn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Ó fi àtàǹpàkò kan egungun mi, ó fa ọ̀nà, ìka rẹ̀ parí sórí ìlà tí wọ́n rán. Ó jókòó, ó pa ọwọ́ pọ̀.

Mo ní, "Ṣé màá padà sórí tébù, sà?"

Ó ní, "Ikùn tí wọ́n ti rán kò ṣeé fi ṣe pátákó, Akin. Gbogbo wọn á máa wá egbò." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tún ìdánwò náà ṣe, lára ìyàwó aṣọ́gbà. Egungun ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yege, ilé ẹ̀kọ́ ò tì.

Wọ́n wá ra ikùn oníke kan, ó ti òkè òkun dé nínú àpótí. Tí èèyàn bá ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á jáde bí ère ìbejì. Mo lọ wò ó. Kì í mí. Kì í gbóná. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, kò mọ̀. Mo sọ fún Ọ̀gá pé nǹkan yìí ò lè ríran kankan lójú àjà. Ó ní òun mọ̀.

Ó máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣá, tí àwọn tuntun bá wọlé. Màá bọ́ ẹ̀wù, màá dùbúlẹ̀, á ní kí wọ́n wo àmì, kí wọ́n wo ìlà tí wọ́n rán, kí wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Kò ní ṣàlàyé. Màá máa wo àbàwọ́n òkè, ọwọ́ wọn á gbóná lára mi.

Mo bi Fúnmi léèrè níjọ́ kan, lọ́jà: "Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, nígbà tí ikùn mi ń pè ọ́, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Mo rò pé ebi ló ń pa ọ́."

Èédú ti bá omi lọ lára mi, bírò ti lọ, ti àlùkò náà lọ nígbẹ̀yìn. Ìyá mi ṣì máa ń fẹ́ bá mi fọ ẹ̀yìn tí mo bá ń wẹ̀. Tí kànìnkànìn rẹ̀ bá yí dé iwájú, tó kan ìlà kan tó kù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, á fi omi gbígbóná sí i, á sì rọra kọjá lórí rẹ̀ láìfọ̀ ọ́.